Mò ń ka yáàdì, wọ́n kí mi, iye sì sọnù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà. Àdìrẹ ni mò ń tà ní ọjà Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta. Bí mo bá ń wọn aṣọ, tí mo ti ka yáàdì dé mẹ́rìnlá, tí ẹnìkan kọjá tó ní "ẹ kú ọjà", kí n tó dáhùn tán, mẹ́rìnlá ti sọnù. Ẹni ọdún 42 ni mí. Ṣé ọpọlọ mi ti ń jó rẹ̀yìn ni?

Ìdáhùn: Rárá, ìyá aláàdìrẹ. Iye tí ẹ̀ ń kà yẹn kò tíì di ohun tí ọpọlọ fi pamọ́. Ńṣe ni wọ́n ń gbè é bí orin. Ẹ wo òde àríyá: ẹni tó ń lé orin á lé e lẹ́ẹ̀kan, àwọn elégbè á gbà á. Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ń gbè, orin ò kú, bí ẹni tó lé e tilẹ̀ ti dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tó wà lẹ́yìn iwájú orí yín ń ṣe. Ọ̀kan á ta èkejì jí, èkejì á ta ẹ̀kẹta jí, ẹ̀kẹta á tún padà ta ti àkọ́kọ́ jí.

Ní 1971, àwọn onímọ̀ ọpọlọ méjì, Joaquin Fuster àti Garrett Alexander, fi ọ̀bọ dán an wò ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fi oúnjẹ pamọ́ sí ọ̀kan nínú ibi méjì lójú ọ̀bọ, wọ́n sì fi nǹkan dínà ojú rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tó fi ń dúró, tí kò rí nǹkan kan mọ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan níwájú ọpọlọ rẹ̀ kò yé ṣiṣẹ́. Ó ń yà mí lẹ́nu títí dòní. Oúnjẹ ti kúrò lójú, àwọn elégbè ṣì ń gbè é.

"Ẹ kú ọjà" ni orin tuntun. Àwọn elégbè kan náà ló máa gbè é, torí náà wọ́n á ju ti àkọ́kọ́ sílẹ̀.

Ìbéèrè: Nígbà míì iye náà á dédé padà wá. Níbo ló wà?

Ìdáhùn: Ní 2008, àwọn onímọ̀ mẹ́ta kan, Mongillo, Barak àti Tsodyks, ṣàlàyé pé sẹ́ẹ̀lì lè dákẹ́ díẹ̀ kí ojú ọ̀nà tó wà láàárín wọn ṣì là sílẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí nǹkan bá tún kan wọ́n lásìkò náà, orin á tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí bí iṣẹ́ ọ̀hún ṣe pín láàárín ìdákẹ́ yìí àti ìgbè.

Ìbéèrè: Kí ni kí n wá ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ má fi ọpọlọ nìkan kà á. Bí ẹ bá ti ka yáàdì márùn-ún, ẹ fi pínnì há etí aṣọ níbẹ̀. Bí wọ́n bá kí yín, ẹ kọ́kọ́ sọ iye náà síta, "mẹ́rìnlá!", kí ẹ tó dáhùn, oníbàárà ò ní bínú. Nǹkan bíi mẹ́rin péré ni ọ̀pọ̀ ènìyàn lè gbé sọ́kàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyí tí nọ́ńbà fóònù wa tó jẹ́ 11 fi rọrùn bí ẹ bá pín in sí mẹ́rin, mẹ́ta, mẹ́rin.

Ìbéèrè: Ariwo jẹnẹrétọ̀ kì í jẹ́ kí n sùn. Ṣé ó kàn án?

Ìdáhùn: Ó kàn án gan-an. Bí ọpọlọ kò tilẹ̀ ju nǹkan bíi 2% ìwọ̀n ara lọ, òun ló ń jẹ nǹkan bíi 20% agbára ara. Ẹni tí kò sùn, ègbè rẹ̀ tètè máa ń já. Ẹ gbé ibùsùn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí ariwo náà ń gbà wọlé.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ni kí n bẹ̀rù?

Ìdáhùn: Bí ẹ bá sọnù lójú ọ̀nà Lafẹ́nwá tí ẹ ti ń rìn láti kékeré, tàbí tí ẹ̀ ń béèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín wákàtí kan, ẹ lọ rí dókítà. Bí ẹnu bá ṣàdédé wọ́ tàbí tí ọwọ́ kan rọ, lójú ẹsẹ̀ ni kí ẹ lọ sí ọsibítù. Bí wọ́n bá sì ní kí ẹ lọ sí Àrò, ọsibítù tí wọ́n ti ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ. Àwọn ará Abẹ́òkúta a máa fi orúkọ ibẹ̀ bú ara wọn, ó sì ń dùn mí, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ iṣẹ́ yìí. Ẹ mú ẹni tí ẹ jọ ń gbé dání, kó sọ ohun tó ti ń rí lára yín fún dókítà.