Iyèkan ni àbí ọbàkan? Ìwé ilẹ̀ ló dá mi lóhùn

Ohun tí wọ́n máa ń sọ nílé wa ni pé iyèkan, ọmọ ìyá kan náà, ni bàbá àgbà mi àti Màmá Ọbáléndé. Àwọn àgbà kan á ní rárá, ọbàkan ni wọ́n: bàbá kan, ìyá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Gbogbo ẹni tó lè bá wa yanjú rẹ̀ ló ti kú.

Inú àpótí bàbá mi ni mo ti rí fọ́tòkọ́pì ìwé tí wọ́n fi ta ilé wọn ní Pópó Àgùdà, l'Ékòó, lọ́dún 1938. Ojú ewé kan ṣoṣo ló kù, àmọ́ nọ́ńbà mẹ́ta wà lórí rẹ̀: ti ìwé, ti ojú ewé, àti ti ìdìpọ̀. Mo mú un lọ sí ọ́fíìsì ìwé ilẹ̀ ní Alausa, mo sanwó, wọ́n sì fún mi ní ẹ̀dà odindi. Tó bá jẹ́ orúkọ nìkan lẹ ní, ẹ wá a lóríṣiríṣi, torí "sh" ni àwọn akọ̀wé ìgbà yẹn fi ń kọ "ṣ".

Iye owó àti ìwọ̀n ilẹ̀ ni ojú ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wá nínú irú ìwé yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ kà, níbi tí lọ́yà ti ń ròyìn bí ilẹ̀ náà ṣe tọwọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Tiwa ní ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tó gba Èkó ní 1861, ló kọ́kọ́ fún ẹnì kan ní ìwé ilẹ̀ náà. Ẹni yẹn tà á fún bàbá ńlá mi, bàbá tó bí bàbá àgbà mi. Bàbá ńlá mi kú láìṣe ìwé ìhágún, ilé sì di ilé ẹbí.

Èèyàn mẹ́ta ló wá ta ilé yìí, olúkúlùkù fún ìdí-igi tirẹ̀, ìyẹn àwọn ọmọ ìyàwó kan. Bí ìyàwó tó bímọ bá ṣe pọ̀ tó ni ìdí-igi ń pọ̀ tó. Bẹ́ẹ̀ ló rí nínú ẹjọ́ ẹbí Dawodu ti Èkó, tó dé Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n sì dá ní 1962: ìyàwó mẹ́rin, ọmọ mẹ́sàn-án, ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n ní kí wọ́n pín ogún sí. Bàbá àgbà mi fọwọ́ síwèé fún ìdí-igi kan. Màmá Ọbáléndé tẹ̀ka fún òmíràn. Ọbàkan ni wọ́n.

Ó pẹ́ tí mo fi ń wo ìtẹ̀ka yẹn. Mi ò rí fọ́tò màmá yìí rí.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ-ọmọ Màmá, lórí fóònù. Ó dákẹ́, ó wá ní, "Kí wá lorúkọ ìyá wọn?" Mo tún ìwé náà kà látòkè délẹ̀. Wọn ò kọ orúkọ ìyàwó kankan síbẹ̀. Ó dùn mí gan-an. Kátólíìkì ni bàbá ńlá mi, ìwé ìrìbọmi sì máa ń ní orúkọ ìyá ọmọ nínú. Òun ni mò ń lọ wò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.