Orúkọ ìwé tí ẹ tò sí ìparí iṣẹ́ nìkan kò lè gbà yín

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń bọ̀ wá gba oyè Masters nílùú Ọba, mo mọ̀ pé ilé tẹ́ ẹ máa gbé àti iṣẹ́ tẹ́ ẹ máa ṣe ló gbà yín lọ́kàn báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ti àròkọ àkọ́kọ́ yín kún un. Tèmi fẹ́ẹ̀ lé mi padà sílé.

Bí wọ́n ṣe ń tọ́ka sí ìwé kò le. Ibi tẹ́ ẹ bá ti lo èrò ẹlòmíràn, ẹ kọ orúkọ ìdílé rẹ̀ àti ọdún tí ìwé náà jáde síbẹ̀ gan-an. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ gbé láìyí i padà, ẹ fi àmì àyọlò há a, kí ẹ kọ nọ́ńbà ojú ìwé sí i. Ẹ wá to gbogbo wọn sí ìparí, ní títẹ̀lé a, b, d. Harvard ni wọ́n ń pe ìlànà yìí, ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ló ń lò ó; àwọn tó ń kọ́ òfin ń lo OSCOLA, èyí tó ń kọ ìtọ́ka sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé. Ẹ wo ìwé ìlànà ẹ̀ka tiyín. Zotero, ètò orí kọ̀ǹpútà kan, á bá yín tò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyẹn ti tán.

Èyí tó ṣe mí ní jàǹbá ni mo fẹ́ sọ.

Ní oṣù kìíní ọdún 2022, mo kọ àròkọ lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé. Iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ọjọ́ tí mo gbọ́dọ̀ fi àròkọ náà ránṣẹ́ sì ti ku ọ̀la. Mo ṣí ìwé mẹ́rin sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Mo ka gbólóhùn kan, mo pààrọ̀ ọ̀rọ̀ mélòó kan nínú rẹ̀, mo bọ́ sórí èkejì. Lójú tèmi, mo ti fi ẹnu ara mi sọ ọ́ nìyẹn. Mo to ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sójú ewé ìkẹyìn, mo fi ránṣẹ́, mo sùn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo dúró ní ibùdókọ̀ nígbà tí ímeèlì wọlé: "Academic Misconduct", ìyẹn ẹ̀sùn ìwà àìtọ́ nínú ẹ̀kọ́. Ọkọ̀ mi dé, ó lọ, n kò wọ̀ ọ́.

Èèyàn mẹ́ta ló jókòó dè mí. Wọ́n yí iṣẹ́ mi kọjú sí mi. Turnitin, ètò kọ̀ǹpútà tó ń wá ibi tí iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ti bá ìwé ẹlòmíràn mu, ti kùn ún ní pupa, búlúù àti àwọ̀ ewé, ìwé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀. Olùkọ́ obìnrin kan ka gbólóhùn inú ìwé: ọ̀pọ̀ ìyá kì í gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ nítorí pé ilé ìwòsàn jìnnà sí wọn. Ó wá ka tèmi: púpọ̀ nínú àwọn abiyamọ kì í gbé ọmọ wá gba àjẹsára torí pé ibi ìtọ́jú kò sí nítòsí wọn. Ó bi mí pé níbo ni mo ti sọ pé ẹlòmíràn ló rí èyí. Mo fi ìka tọ́ka sí ojú ewé ìkẹyìn. Ó ní ojú ewé ìkẹyìn kò lè sọ fún òun pé ta ló ni gbólóhùn wo.

Òdo ni mo gbà. Mo tún un kọ, ṣùgbọ́n bó ti wù kó dára tó, wọn kò ní fún mi ju 50 lọ.

Nílé, ẹni tó bá da nóòtì olùkọ́ padà fún un bó ṣe wà ló ń gba A. Àṣà yẹn la gbé wá. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ Òyìnbó ni èyí. Ọmọ tó bá pa òwe níwájú àgbà, ṣebí á ní "tótó, ó ṣe bí òwe". Babaláwo á dárúkọ awo tó dá Ifá náà kó tó sọ ẹni tí wọ́n dá a fún.

Ohun tí mò ń ṣe láti ìgbà náà nìyí: mo á kà á, mo á pa ìwé dé, mo á kọ ohun tó yé mi bí ẹni tó ń ròyìn fún ẹ̀gbọ́n mi, mo á tún ṣí i wò bóyá mo ṣì í sọ. Orúkọ àti ọdún á wọlé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ká ní Àjàyí ló kọ ìwé yẹn lọ́dún 2015, mo á kọ ọ́ báyìí: Àjàyí (2015) rí i pé jíjìn ilé ìwòsàn wà lára ohun tó ń dí àwọn ìyá lọ́wọ́.

Ẹ má gbọ́ ti àwọn tó ń sọ pé bí Turnitin bá ti kéré sí 20%, kò séwu. Ọ̀rọ̀ tó bára mu ló ń kà, títí kan àyọlò àti orúkọ ìwé. Ìpínrọ̀ kan ṣoṣo tẹ́ ẹ gbé lè má ju 5% lọ, ó sì tó láti pè yín.

Ẹni tó bá ní òun á bá yín kọ ọ́ lówó, ẹ sá! Láti ọdún 2022 ni òfin ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ ní England láti ta irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tàbí polówó rẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ má sì yá ẹni ilé ní iṣẹ́ yín pé kó fi wo àpẹẹrẹ. Bó bá gbé e, ẹ̀yin méjèèjì ni wọ́n á pè. Bí ilé ìwé bá lé yín, dandan ni kí wọ́n sọ fún Home Office, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí físà, físà yín á sì bá a lọ.

Bí lẹ́tà bá ti dé, ẹ má dá lọ. Ẹ lọ bá àwọn agbaninímọ̀ràn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ kó àwọn ohun tẹ́ ẹ kọ sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó parí dání. Bí ilé ìwé bá parí ẹjọ́ tí kò tẹ́ yín lọ́rùn, OIA, àjọ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn akẹ́kọ̀ọ́ lórí ilé ìwé gíga, wà fún England àti Wales, oṣù 12 lẹ sì ní láti ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà ìparí ẹjọ́. N kò mọ èyíkéyìí nínú wọn nígbà náà. Èmi nìkan ni mo wọ yàrá yẹn, báàgì iṣẹ́ òru ṣì wà léjìká mi.