Bí A Ṣe Ń Ṣàbẹ̀wò sí Igbó Òkè Gashaka-Gumti

Gashaka-Gumti, tó wà ní ìpínlẹ̀ Tàràbà àti Adamáwá, ni ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ tó tóbi jù lọ ní Nàìjíríà. Inú rẹ̀ ni Chappal Waddi wà, òkè tó ga jù nílẹ̀ wa, tó ga tó nǹkan bíi 2,400 mítà. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń wo igbó yìí. Ẹni tó bá fẹ́ lọ lónìí kó sì dé lọ́la, kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu.

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ kàn sí àwọn aláṣẹ ọgbà náà, kí ẹ bi wọ́n bí ọ̀nà àti ààbò ṣe rí lásìkò náà. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má tíì wá, ẹ gbọ́ tiwọn. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti Oṣù Kejìlá sí Oṣù Kẹta, ló dáa jù, torí bí òjò bá ti dé, odò á kún.

Láti Jalingo, ẹ gba Bali dé Serti. Ibẹ̀ ni ọ́fíìsì wọn wà, ibẹ̀ náà lẹ ó ti gba ìyọ̀ǹda àti ẹ̀ṣọ́ igbó tó máa mú yín wọlé. Ẹ má dá wọ̀ ọ́ láé.

Ẹrù yín: bàtà tó ti mọ́ yín lẹ́sẹ̀, oúnjẹ, òògùn ibà, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, tọ́ọ̀ṣì, àti aṣọ òtútù, nítorí òtútù orí òkè kì í ṣeré lóru. Ẹ se omi odò kó hó kí ẹ tó mu ún.

Ẹ jí ní ìdájí bí ẹ bá fẹ́ rí chimpanzee. Irú tibẹ̀ ṣọ̀wọ́n gan-an. Àárín Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù nìkan ló wà láyé. Ẹ ó sábà gbóhùn wọn kí ẹ tó rí wọn. Ẹ máa wòkè: alaalẹ́ ni wọ́n ń tẹ́ ibùsùn tuntun sórí igi, bí ewé rẹ̀ bá ṣì tutù, wọn ò tíì lọ jìnnà. Ẹ wo ilẹ̀ náà fún ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ lẹ́nu ihò ìjàlọ. Wọ́n á ki ọ̀pá bọ ihò, ìjàlọ á gùn ún, wọ́n á sì fà á sẹ́nu. Ẹdun tí a fi ń ki ìbejì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, dúdú òun funfun, lórí igi gíga.

Ẹ má sún mọ́ wọn, ẹ má sì fún wọn lóúnjẹ. Bí ikọ́ tàbí òtútù bá ń ṣe yín, ẹ jìnnà pátápátá, torí àìsàn wa ń ràn wọ́n, ó sì ń pa wọ́n.

Ẹ da omi sí iná tí ẹ dá títí tí eérú á fi tutù, kí ẹ sì kó ìdọ̀tí yín padà. Bí ẹ bá jáde, ẹ yà ní Serti kí wọ́n mọ̀ pé ẹ ti dé, kí wọ́n má baà máa wá yín kiri.