Àkójọ iṣẹ́ tó ń tún ara rẹ̀ tò: bí ẹ ṣe máa ṣe é fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan

Bí Iléyá bá ti ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, iṣẹ́ kì í wọ ilé ìtẹ̀wé ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́kọ̀ọ̀kan mọ́. Régbérégbé (ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ra) kan fẹ́ abẹ̀bẹ̀ fún Ojúde Ọba, òmíràn fẹ́ fìlà tí wọ́n tẹ orúkọ ẹgbẹ́ sí lára, ìdílé kan fẹ́ ìwé ètò ìsìnkú fún òkú àgbà ní Fráìdè, ẹnìkan sì fẹ́ káàdì orúkọ tí kò kánjú rárá. Tó bá jẹ́ orí pátákó ni wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sí, ẹni tó ń pe fóònù jù ni iṣẹ́ rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ jáde. Àkójọ tí a fẹ́ ṣe níhìn-ín kì í gbọ́ ariwo. Ọjọ́ tí oníbàárà fẹ́ gba ọjà, iye ọjọ́ tí iṣẹ́ máa gbà àti bó ṣe wúwo tó ló fi ń tò ó, yóò sì máa tún un tò láràárọ̀ fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Google Sheets la máa lò, nítorí ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tó bá ní Gmail, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù. Trello, áàpù tí wọ́n fi ń to iṣẹ́, náà lè to iṣẹ́ ní ọjọ́-ọjọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ nìkan kò tó. Abẹ̀bẹ̀ tó máa gba ọjọ́ mẹ́rin, tó sì ku ọjọ́ márùn-ún, kánjú ju káàdì tó máa gba wákàtí díẹ̀, tó ku ọjọ́ mẹ́ta lọ.

Orí kọ̀ǹpútà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ tó tẹ ohunkóhun, ẹ lọ sí File, lẹ́yìn náà Settings. Ẹ fi Locale sí United Kingdom, ẹ fi Time zone sí Lagos. Ọ̀pọ̀ ṣíìtì tuntun ló máa ń wá pẹ̀lú ètò Amẹ́ríkà, níbi tí oṣù ti ń ṣáájú ọjọ́. Ẹ óò tẹ 05/06 pé ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà ni, yóò kà á sí ọjọ́ kẹfà oṣù karùn-ún, iṣẹ́ tí kò kánjú á sì fò sókè bí ẹni pé ó ti pẹ́ lóṣù kan. Àṣìṣe yìí kì í hàn lójú, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ ti dènà rẹ̀.

Ẹ pe táàbù àkọ́kọ́ ní ISE. Bí òpó rẹ̀ ṣe máa lọ nìyí: A, nọ́ńbà iṣẹ́, B, orúkọ iṣẹ́, C, òṣìṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, D, ọjọ́ ìfijíṣẹ́, E, ìwọ̀n (bí iṣẹ́ ṣe wúwo tó) láti 1 sí 5, F, iye ọjọ́ tí iṣẹ́ máa gbà, G, ibi tó dé, H, ọjọ́ tó wọlé, I, máàkì, J, ọjọ́ tí àṣẹ ọ̀gá máa parí. Ẹ lo Data validation láti fi dropdown (àtòkọ tí èèyàn ń yan ọ̀kan nínú rẹ̀) sí C, E àti G, kí D, H àti J sì má gba ohun tí kì í ṣe ọjọ́. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá kọ “Fráìdè” sí D kàn máa rí àmì àṣìṣe #VALUE! ni.

Nínú G, ohun mẹ́rin péré ló wà: TITUN, ON LO, DURO, PARI. DURO ni ti iṣẹ́ tí oníbàárà kò tíì fọwọ́ sí dìsáìn rẹ̀ tàbí tí kò tíì san owó àkọ́san. Ẹ ṣàkíyèsí pé a kò fi àmì sí wọn lórí. Ọ̀tọ̀ ni kọ̀ǹpútà máa ń ka “Ṣọlá” sí, ọ̀tọ̀ ni “Sola”. Èyí tó tún burú ni pé fóònù méjì lè tẹ “Ṣọlá” tí ojú kò lè yà sọ́tọ̀, síbẹ̀ kí kóòdù tó wà nídìí ẹ̀ má dọ́gba, iṣẹ́ á wá sọnù nínú àkójọ onítọ̀hún. Dropdown ló ń gbani lọ́wọ́ èyí: ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n tẹ orúkọ náà.

Fọ́múlà máàkì rèé. Ẹ fi sí I2, kí ẹ wá fà á dé ìlà 300:

=IF(OR(B2="",D2="",G2="PARI",G2="DURO"),0,E2*10+MIN(60,MAX(0,40-4*(D2-TODAY()-F2)))+MIN(10,TODAY()-H2)+IF(G2="ON LO",15,0)+IF(J2>=TODAY(),100,0))

Ẹ má gbìyànjú láti fi ARRAYFORMULA gé e kúrú, nítorí MIN, MAX àti OR á kó gbogbo òpó pọ̀ di ẹyọ kan.

Ìwọ̀n ń mú máàkì 10 sí 50 wá. Lẹ́yìn ìyẹn ni àyè tó kù: ọjọ́ tó kù, ẹ yọ ọjọ́ tí iṣẹ́ máa gbà kúrò. Bí àyè bá tó ọjọ́ mẹ́wàá, kò sí máàkì kankan. Bí kò bá sí àyè mọ́, 40. Bí iṣẹ́ bá ti pẹ́, kò lè ju 60 lọ. A fi òdiwọ̀n sí 60 kí iṣẹ́ kan tó ti bàjẹ́ láti oṣù tó kọjá má baà jókòó lé gbogbo iṣẹ́ tó ṣì ṣeé gbà là lórí. Iṣẹ́ kékeré tó ti pẹ́ nílẹ̀ ń gba máàkì kan lójúmọ́ títí dé 10, kí káàdì orúkọ má baà wà nísàlẹ̀ títí ayé.

Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Ìwé ètò ìsìnkú: ìwọ̀n 5, ó máa gba ọjọ́ 2, ó ku ọjọ́ 3, àná ló wọlé. Àyè jẹ́ 1, nítorí náà 50 + 36 + 1, ó di 87. Abẹ̀bẹ̀ régbérégbé: ìwọ̀n 5, ó máa gba ọjọ́ 4, ó ku ọjọ́ 16, ó ti wà nílẹ̀ fún ọjọ́ 6. Àyè jẹ́ 12, nítorí náà 50 + 0 + 6, ó di 56. Ìsìnkú ló ṣáájú lónìí. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, abẹ̀bẹ̀ yẹn á ti gun 88, àní bí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ ò tilẹ̀ pe ọ̀gá.

D2="" tó wà níbẹ̀rẹ̀ fọ́múlà ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Lójú Google Sheets, àpótí ọjọ́ tó ṣófo jẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 1899, iṣẹ́ tí ẹ gbàgbé láti fi ọjọ́ sí á wá dà bí èyí tó ti pẹ́ ju 45,000 ọjọ́ lọ. Pẹ̀lú rẹ̀, iṣẹ́ náà á gba òdo, kò ní hàn sí òṣìṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí conditional formatting (ètò tó ń kun àpótí fúnra rẹ̀) kun D tó bá ṣófo ní pupa, kí ẹni tó ń gba iṣẹ́ wọlé rí i.

Máàkì 15 fún ON LO wà kí iṣẹ́ má baà máa já kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é. Ẹni tó ti gbé plate sórí ẹ̀rọ kò gbọ́dọ̀ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nítorí pé iṣẹ́ mìíràn fi máàkì méjì jù ú. Ní ti J, gbogbo ọ̀gá ló máa ń sọ pé “èyí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe.” Ẹ gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọjọ́ tí àṣẹ náà máa parí síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ọjọ́ yẹn, máàkì 100 tí àṣẹ náà fi kún iṣẹ́ á ṣí kúrò fúnra rẹ̀. Àṣẹ tí kò ní ọjọ́ ìparí ló máa ń ba irú àkójọ báyìí jẹ́ jù.

Fún ọjọ́ ìsinmi: ẹni tí kì í ṣiṣẹ́ ní Sọ́ńdè lè fi NETWORKDAYS.INTL(TODAY(),D2,11)-1 rọ́pò D2-TODAY(). Àwọn tó ń sinmi ní Sátidé, bí ọ̀pọ̀ ará Adventist lágbègbè Yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn, á fi 17 sípò 11.

Ọjọ́ Iléyá fúnra rẹ̀ lè yí, nítorí oṣù ni wọ́n ń wò. Ẹ má tẹ ọjọ́ sí iṣẹ́ Ojúde Ọba lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣí táàbù ETO, ẹ kọ ọjọ́ Iléyá sí B1, ẹ kọ =B1+2 sí B2, nítorí ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba. Ní ISE, D iṣẹ́ ẹgbẹ́ á wá jẹ́ =ETO!$B$2-4. Tí wọ́n bá kéde pé oṣù lé lọ́la dípò òní, àpótí kan péré lẹ máa yí, gbogbo abẹ̀bẹ̀ àti fìlà á sì sún fúnra wọn.

Ó wá ku táàbù òṣìṣẹ́. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí B1 bó ṣe wà nínú dropdown gẹ́lẹ́, ẹ wá fi èyí sí A3:

=IFERROR(ARRAY_CONSTRAIN(SORT(FILTER(ISE!A2:I,ISE!C2:C=B1,ISE!I2:I>0),9,FALSE,4,TRUE),5,9),"Kò sí iṣẹ́ lọ́wọ́")

Márùn-ún tó ga jù nìkan ló máa hàn, èyí tí ọjọ́ rẹ̀ súnmọ́ ló sì ń ṣáájú bí máàkì bá dọ́gba. Ẹ jẹ́ kó mọ́ márùn-ún. Ẹni tó rí ogún iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà á tún padà sí èyí tó wù ú.

Ohun tó máa ń bàjẹ́ jù ni kí òṣìṣẹ́ tẹ nǹkan sínú táàbù rẹ̀. Tó bá tẹ nǹkan sí àyè tí àkójọ ń gbà, àmì àṣìṣe #REF! á yọ, àkójọ náà kò sì ní hàn mọ́. Tó bá kọ “oníbàárà fẹ́ ìwé tó nípọn” sí òpó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò ní sí wàhálà lọ́jọ́ yẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àkójọ á tún ara rẹ̀ tò, ọ̀rọ̀ náà á dúró síbi tó wà, á sì bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ ẹlòmíràn. ISE nìkan ni kí wọ́n ti máa kọ nǹkan, nọ́ńbà iṣẹ́ tó wà ní A ni wọ́n á fi wá a. Ẹ fi Protect sheets and ranges ti táàbù òṣìṣẹ́ pa.

Ẹnìkan ṣoṣo ni kó máa fi ìwọ̀n sí iṣẹ́. Kó fi 5 sí èyí tí ọjọ́ rẹ̀ kò lè yẹ̀: òkú, ìgbéyàwó, Ojúde Ọba. Kó fi 3 sí ti oníbàárà tó ti san ìdajì owó, kó sì fi 1 sí èyí tó lè dúró. Kì í ṣe iye owó iṣẹ́ ni ìwọ̀n rẹ̀. Bí ó bá di pé ó ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ tó ń gba 5, ìwọ̀n náà kò ní ìtumọ̀ mọ́, ọjọ́ nìkan ni ẹ fi ń tò ó.

Tí ẹ kò bá fẹ́ kí òṣìṣẹ́ rí iṣẹ́ ara wọn, pípa táàbù mọ́ kò tó, nítorí ẹni tó lè ṣe àtúnṣe lè ṣí i. Ẹ ṣe fáìlì ọ̀tọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹ fi IMPORTRANGE fa àkójọ rẹ̀ wọlé, ẹ tẹ Allow access lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì fún un ní Viewer. Tí ẹ bá fún un ní Editor nínú fáìlì yẹn, yóò lè fa ibikíbi nínú ISE wá.