Bí Mo Ṣe Pinnu Láti Lọ Rí Dókítà Ikùn ní Kútọnu

Inú rírun tó bá ti pẹ́ lára kì í jẹ́ kéèyàn mọ ìgbà tó yẹ kó dìde sí i. Lónìí á le, lọ́la á rọlẹ̀, èèyàn á ní ó ti ń lọ nìyẹn. Bó ṣe ṣe mí ní Kétu níbí, ní orílẹ̀-èdè Benin, nìyẹn, láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn títí òjò fi dé. Ó máa ń ta mí gan-an lókè ìdodo, á jí mi lóru, bí mo bá jẹ ẹ̀kọ díẹ̀ á dákẹ́, kò sì ní pẹ́ tí á tún fi bẹ̀rẹ̀.

Kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tó ń ṣe mí. Ìyá ọkọ mi ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, wọ́n se àgbo ránṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní, “Ìwọ tó o ń jókòó ti máṣíìnì láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ṣé inú ò ní máa run ẹ́ ni?” Ọ̀rẹ́ mi kan lọ́jà ní kí n gba Kútọnu lọ lọ́jọ́ kejì, kí n lọ rí àwọn dókítà tó jẹ́ pé ikùn nìkan ni wọ́n ń wò. Mi ò fẹ́ ná owó ọkọ̀ àti owó àyẹ̀wò lásán, mi ò sì fẹ́ jókòó ti ohun tó lè pani. Ìdí kan tó ṣe é gbá mú ni mò ń wá.

Ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ àwọn oníbàárà ni mo mú, mo yí i sẹ́yìn, mo sì ń kọ ohun tí mo jẹ, àsìkò tí inú run mí, bí ìgbẹ́ ṣe rí àti oògùn tí mo lò. Ìwé yẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ata kọ́. Ọjọ́ tí mo jẹ ọbẹ̀ aláta kò burú ju ọjọ́ tí mo mu ẹ̀kọ lásán. Ìgbà tí ẹ̀yìn bá ń dùn mí, tí mo ń lo ibuprofen, oògùn ìrora, ló máa ń le jù.

Ilé ìwòsàn tó wà nítòsí ni mo kọ́kọ́ gbé ìwé náà lọ, ibẹ̀ ni mo sì rò pé ó yẹ kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀. Dókítà ní kí n jáwọ́ nínú ibuprofen, pé òun àti aspirin àti diclofenac ń ba ohun tó ń dáàbò bo ara ikùn jẹ́, omi kíkan inú rẹ̀ á wá máa jẹ ẹran ara. Ó ní kí wọ́n wo ìgbẹ́ mi bóyá aràn tàbí àmébà wà níbẹ̀, kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ mi bóyá ó tó. Ó kọ omeprazole, oògùn tó ń dín omi kíkan inú ikùn kù, fún mi, ti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè.

“Ṣé oúnjẹ máa ń há yín lọ́fun?”

Rárá.

“Ẹ bì tí ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀ rí, tàbí tó dúdú bíi gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ kọfí? Ìgbẹ́ yín ńkọ́, ṣé ó ń dúdú, tó ń lẹ̀ mọ́lẹ̀?”

Rárá. Ó ní bí mo bá rí èyíkéyìí nínú méjèèjì yìí, kí n má dúró de dókítà ikùn kankan, ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ mi jù ni kí n sáré gbà lọ́jọ́ náà gan-an. (Oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fún aláboyún náà máa ń sọ ìgbẹ́ di dúdú, ẹni tó bá ń lò ó, kó sọ ọ́.)

“Ṣé ẹ ń rù?”

Mi ò lè dá a lóhùn. Mi ò ní òṣùwọ̀n nílé, àmọ́ mo ní téèpù. Mo délé, mo wọn ìbàdí mi, mo wá ìwọ̀n tí mo kọ sílẹ̀ nígbà tí mo ń rán aṣọ ọdún Àjíǹde. Ó ti fi sẹ̀ǹtímítà méje dín. Mo gbé síkẹ́ẹ̀tì náà wọ̀, ó ń yọ̀ bọ́ sílẹ̀ nídìí mi. Bẹ́ẹ̀ mi ò gbààwẹ̀, mi ò dín oúnjẹ kù.

Oògùn tán, inú tún bẹ̀rẹ̀ sí í run mí. Mo padà lọ, mo sọ ọ̀rọ̀ téèpù fún dókítà. Ó ní ó yá, kí n lọ rí dókítà ikùn ní Kútọnu. Ó là á yé mi pé bí ìrora ṣe le tó kọ́ ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó yẹ kó lọ. Afẹ́fẹ́ inú lásán lè mú èèyàn yí mọ́lẹ̀, jẹjẹrẹ ikùn sì lè má dunni rárá níbẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń bá ìrora rìn ni kéèyàn máa wò, rírù láìnídìí sì wà lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo ti ń wá látìgbà yẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ní kí n tún ra omeprazole ná. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n mọ ohun tí mò ń wò.” Dókítà tilẹ̀ ti ní kí n dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó lọ, torí ó máa ń fi kòkòrò inú ikùn pa mọ́ fún àyẹ̀wò.

Mo gba Pobẹ̀ àti Sakẹ́tẹ́ dé Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), mo sùn síbẹ̀, mo wọ Kútọnu láàárọ̀ láìjẹ láìmu, ó di CNHU-HKM, ilé ìwòsàn ńlá ìjọba tó wà níbẹ̀. Wọ́n fi oògùn pa ọ̀fun mi kú kí n má bàa mọ̀ ọ́n lára, wọ́n ní kí n fẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, wọ́n sì ti okùn fibroscopie, èyí tó ní kámẹ́rà lẹ́nu tí wọ́n fi ń wo inú ikùn, gba ẹnu mi wọlé. Kò dùn mọ́ni, ṣùgbọ́n kò pẹ́. Ọgbẹ́ ló wà níbi tí ìfun ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì rí kòkòrò Helicobacter pylori nínú ẹran bíńtín tí wọ́n já lára ikùn mi. Barry Marshall, dókítà ará Ọsirélíà, ló mu kòkòrò yìí fúnra rẹ̀ ní 1984 kí wọ́n lè gbà pé ó ń ṣe ikùn ní jàǹbá. Òun àti Robin Warren gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2005. Oògùn ọjọ́ 14 ni wọ́n fún mi. Ó lé lóṣù kan lẹ́yìn tó tán kí wọ́n tó tún mi yẹ̀ wò, kòkòrò náà ti lọ.

Àbúrò ìyá mi wà ní Pobẹ̀, wọ́n ti lé ní 60 ọdún. Wọ́n ní èbà ń há àwọn lọ́fun, omi làwọn fi ń tì í, pé kò kúkú dun àwọn. Mo ní, “Ìyá mi, ti yín kò gba ká máa kọ́kọ́ dán oògùn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kankan wò.” Dókítà ti kọ ìwé fún wọn, ọjọ́ Ajé ni mò ń mú wọn lọ.