Bí A Ṣe Ń Gba Kernel Tuntun Láìjẹ́ Kí Iṣẹ́ Dúró

Ẹni tó bá ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Tanke, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ilorin ti ń wá tẹ iṣẹ́ àṣekágbá wọn, yóò mọ̀ pé ẹ̀rọ tó ṣiṣẹ́ dáadáa lánàá lè tàn lónìí kí Wi-Fi rẹ̀ má sì ṣiṣẹ́ mọ́, nítorí pé ó ti gba kernel Linux tuntun, ìyẹn ètò tó wà ní ọkàn Linux, tó ń darí gbogbo ohun èlò ẹ̀rọ náà. Àbùkù tí kò sí nínú kernel àtijọ́, tó wá yọjú nínú tuntun, ni à ń pè ní regression.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ tẹ uname -r nínú terminal láti mọ kernel tí ẹ ń lò, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà tó bá jáde sínú ìwé. Ẹ yẹ /boot, níbi tí àwọn fáìlì kernel ń gbé, wò bóyá àyè ṣì wà níbẹ̀, ẹ má sì yọ kernel àtijọ́ kúrò. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé iná ọba nìkan: bí iná bá lọ nígbà tí ẹ̀rọ ń kọ initramfs (fáìlì tí kernel ń lò láti fi tàn) lọ́wọ́, kernel tuntun náà lè kọ̀ láti tàn, ará Ilorin kò sì nílò àlàyé lórí bí iná ṣe ń lọ. Bí ẹ̀rọ yín bá ju ẹyọ kan lọ, ọ̀kan ni kí ẹ kọ́kọ́ fi dán an wò.

Bí àbùkù bá yọjú, ẹ tan ẹ̀rọ náà padà, kí ẹ di Shift mú tàbí kí ẹ tẹ Esc títí GRUB, níbi tí a ti ń yan kernel tí ẹ̀rọ yóò fi tàn, yóò fi hàn, kí ẹ sì mú kernel àtijọ́ níbẹ̀. Bí àbùkù náà bá lọ, kernel ni kí ẹ fura sí. Bí kò bá lọ, ẹ wá a síbòmíràn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fo ìgbésẹ̀ yìí, tí wọ́n á sì fi odindi ọjọ́ kan jà pẹ̀lú ohun tí kò ṣẹ̀.

Òfin tí Linus Torvalds, ẹni tó dá Linux sílẹ̀, fi lélẹ̀ ni pé kernel tuntun kò gbọ́dọ̀ ba àwọn ètò tí aráàlú ń lò jẹ́. Òfin yìí kò kan module (ètò tí kernel fi ń bá ohun èlò kan ṣiṣẹ́) tí ó wà lẹ́yìn òde kernel, irú èyí tí NVIDIA ń ṣe àti ti àwọn Wi-Fi kan, nítorí pé inú kernel ń yí padà nígbàkigbà, a sì gbọ́dọ̀ tún irú module bẹ́ẹ̀ kọ́ fún kernel kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ tẹ dkms status láti rí bóyá a ti kọ́ àwọn module náà fún kernel tuntun. Lọ́pọ̀ ìgbà, linux-headers (àwọn fáìlì tí a fi ń kọ́ module) tí kò sí ló fa gbogbo wàhálà náà.

Bí kì í bá ṣe module, git bisect, ohun èlò tó ń wá àyípadà tó fa àbùkù nínú kódù kernel, ni yóò tú àṣírí. Ẹ ó sọ ẹ̀yà tó dára àti èyí tó bàjẹ́ fún un, yóò sì máa pín àwọn àyípadà tó wà láàárín wọn sí méjì: nǹkan bí ìgbà 10 péré ni ẹ ó kọ́ kernel láti yẹ àyípadà 1,000 wò. Lórí kọ̀ǹpútà kékeré, èyí gba sùúrù, ṣùgbọ́n make localmodconfig, tó ń mú kìkì àwọn module tí ẹ̀rọ yín ń lò, máa ń dín iṣẹ́ náà kù púpọ̀. Nígbà tí ẹ bá rí àyípadà náà, scripts/get_maintainer.pl yóò sọ ẹni tí ẹ ó kọ̀wé sí.

Ní báyìí ná, lórí Ubuntu tàbí Debian, ẹ fi apt-mark hold dá kernel dúró sí ẹ̀yà tó dára, kí tuntun má bàa wọlé. Níwọ̀n ìgbà tó bá wà bẹ́ẹ̀, àtúnṣe ààbò kò ní wọlé fún kernel, nítorí náà, ọjọ́ tí ojútùú bá dé ni kí ẹ fi apt-mark unhold tú u sílẹ̀.