Ọjọ́ 7 Ni Òfin Wí, Ọjọ́ 71 Ni Ìwé Ìdájọ́ Tó Wọ́ Dé Ọwọ́ Mi

Abala 36(7) nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ò fi ọ̀rọ̀ bò: ẹni tí wọ́n bá ṣẹjọ́ ọ̀daràn fún lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ẹ̀dà ìdájọ́ rẹ̀ láàárín ọjọ́ 7. Ọjọ́ 71 la fi wá tiwa. Owó tí mo kó pamọ́ fún gbogbo ìwé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, orí ẹ̀dà kan ṣoṣo yìí ló tán sí.

Ẹ̀gbọ́n mi ni mo ń sáré ìwé náà fún. Wọ́n lu ìyàwó wọn débi pé apá obìnrin náà kán. Kọ́ọ̀tù gíga fún wọn ní ẹ̀wọ̀n ọdún 5 lórí ẹ̀sùn kìíní, ọdún 3 lórí ìkejì. Wọ́n ṣe é, a ò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn ìyẹn. Iye ọdún nìkan la ta kò. Ẹ tètè mọ èyí tí ẹ ń bá lọ, bóyá ẹ̀bi náà ni tàbí iye ọdún, nítorí ẹni tó bá ta ko iye ọdún gbọ́dọ̀ fi hàn pé adájọ́ ṣi òfin lò, tàbí pé ìjìyà náà ti pọ̀ kọjá ààlà. Ẹkún ò ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì lágbára láti fi kún ọdún ọ̀hún. Ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó wà lẹ́wọ̀n l'Ágodi kó tó fọwọ́ síwèé.

Ti wíwá lọ́yà, ẹ mọ ìyẹn. Ẹni tí ò lówó lè lọ bá Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń fún aláìní ní lọ́yà.

Ẹ̀dà ìdájọ́ tó ní òǹtẹ̀ ló fojú mi rí nǹkan. Ọjọ́ kejì ìdájọ́ la ti kọ lẹ́tà béèrè. Àwọn òṣìṣẹ́ kọ́ọ̀tù ní adájọ́ ò tíì fọwọ́ sí i. Nígbà tó yá, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ lọ fún ìsinmi. Lẹ́yìn ìyẹn, wọn ò rí fáìlì. Mo san owó ojú ìwé, mo gba rìsíìtì, wọ́n tún ń béèrè owó tí kò ní rìsíìtì. Mo san án lẹ́ẹ̀kan. Ó ṣì ń dùn mí, torí kò mú nǹkan kan yá.

Ó jáde lọ́jọ́ 58. Mo kà á lórí ìdúró, ara mi bù máṣọ. Etí gbogbo wa ni adájọ́ ti sọ pé kí ẹ̀wọ̀n méjèèjì máa lọ papọ̀, ìyẹn ọdún 5 péré. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ti fo gbólóhùn yẹn! Bó ṣe wà yẹn, ẹni tó bá kà á lè pè é ní ọdún 8.

Ibi tí mo ti gbọ́n nìyí. Ìwé àṣẹ tí kọ́ọ̀tù fi ránni lẹ́wọ̀n ni àwọn wọ́dà ń tẹ̀ lé, kì í ṣe ìwé ìdájọ́. A béèrè fún ẹ̀dà rẹ̀. “Papọ̀” wà nínú rẹ̀ gbàgàdà. Lọ́yà so ó mọ́ lẹ́tà sí rẹ́jísírà, ó ní kí wọ́n wo ìwé tí adájọ́ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Adájọ́ lè tún irú àṣìṣe ìtẹ̀wé bẹ́ẹ̀ ṣe, àmọ́ kò lè yí ìdájọ́ rẹ̀ padà. Ọjọ́ 13 mìíràn tún lọ síbẹ̀.

Gbogbo ìgbà yẹn, ọjọ́ ń lọ. Ọjọ́ 90 lẹ ní láti fi pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lórí ẹjọ́ ọ̀daràn láti kọ́ọ̀tù gíga, ọjọ́ ìdájọ́ ni kíkà rẹ̀ sì ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí ìwé tẹ̀ yín lọ́wọ́. Ọjọ́ 84 la fi tiwa sílẹ̀. Ká ní mo mọ̀ ni, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ la ò bá ti fi ìdí kan ṣoṣo pè é, ká wá gbàṣẹ fi ìyókù kún un bí ìwé bá dé. Kọ́ọ̀tù tó dá ẹjọ́ náà ni wọ́n ti ń fi ìwé ìpẹ̀jọ́ sílẹ̀. Tí ọjọ́ 90 bá kọjá, ẹ máa búra sí ìwé láti ṣàlàyé ohun tó fa ìdádúró. Nítorí náà ẹ tọ́jú ẹ̀dà gbogbo lẹ́tà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ gbígbà sí.

Ẹ ṣọ́ àwọn lọ́yà kékeré tó ń ṣe àdàkọ ìwé àtijọ́. “Ìdájọ́ kò bá ìwọ̀n ẹ̀rí mu” jẹ́ ìdí ìpẹ̀jọ́ fún ẹjọ́ ilẹ̀ àti gbèsè. Ti ọ̀daràn ni pé ìdájọ́ kò bọ́gbọ́n mu, ẹ̀rí kò sì gbè é lẹ́sẹ̀.

Àwọn ẹbí kan ti ń múra láti lọ bẹ ìyàwó kó kọ̀wé pé òun ti dárí jì wọ́n. Mo ní kí wọ́n jókòó. Ìjọba ló pẹjọ́, ìwé ìdáríjì ò lè pa ìdájọ́ rẹ́, obìnrin náà sì ti jìyà tó.

Bẹ́ìlì kò rọrùn lẹ́yìn ìdájọ́, àyàfi tí nǹkan àrà ọ̀tọ̀ bá wà. Ọjọ́ 60 ni rẹ́jísírà ní láti kó àkọsílẹ̀ ẹjọ́ jọ; bí kò bá ṣe é, ọjọ́ 30 wà fún yín láti kó o jọ fúnra yín. Àwa la kó tiwa jọ. Mo fi bírò kọ nọ́ńbà sí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, mo rí i pé ìwé dókítà tó wà lára ẹ̀rí ti sọnù láàárín ojú ìwé 43 àti 44. Wọ́n ní mo ń yọ wọ́n lẹ́nu. Mo dúró títí wọ́n fi wá a jáde.